Èéfín Ta Nìyí? Ibi tí Ètùtù Bàálù ti Ṣẹ̀ Wá

Èéfín ló dá Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá pa ìtàn Ògúnlọlá fún dáadáa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdẹ ni Ògúnlọlá. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Èsúù, ló tẹ̀dó sí ìdí igi àjàgbọn, wọ́n sì rò pé àwọn nìkan ló wà nínú igbó náà, àfi ìgbà tí ọkùnrin yìí gbójú sókè tó rí i tí èéfín ń rú níbòmíràn. Kò sá, kò sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó mú ọkàn le, ó tọ èéfín náà dé ìdí rẹ̀, ló bá bá àwọn ọdẹ mìíràn níbẹ̀. Ààlè àti Òrìṣàtólú wà lára wọn. Wọ́n dá Ẹgbẹ́ Alóǹgo sílẹ̀, wọ́n jọ ń ṣọdẹ, wọ́n sì ń gba ara wọn lọ́wọ́ àwọn akónilẹ́rú. Ẹgbẹ́ yẹn ló di ìlú.

Kí ló kan èéfín Ògúnlọlá pẹ̀lú bàálù? Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi kan ń ra tíkẹ́ẹ̀tì Kánádà lórí fóònù. Nígbà tó kù díẹ̀ kó sanwó, wọ́n bi í bóyá yóò fi iye kan kún un nítorí èéfín bàálù, kí wọ́n lè fi gbin igi tí yóò fa èéfín náà mọ́ra. Ó pè mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ o, wọ́n tún ń gba owó igi. Ṣé igi ni wọ́n fi ń dáná bàálù ni?”

Mo rẹ́rìn-ín títí. Kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń wà á, mọ̀lẹ́bí èyí tí à ń rọ sínú sítóòfù; wọ́n kàn sẹ́ tiwọn mọ́ ju tiwa lọ ni. Kìlógíráàmù 1 rẹ̀ tó bá jó, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù, èyí tó ń mú ayé gbóná, tó ń ti ibẹ̀ jáde tó kìlógíráàmù 3.16. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ wo ẹni tó ń ro àmàlà láfún ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó wò ó bóyá bí èlùbọ́ ṣe kéré tó nínú igbá náà ló ṣe kéré nínú àwo. Èlùbọ́ fa omi mọ́ra, ó pọ̀ sí i. Kábọ́ọ̀nù inú epo náà fa ọ́síjìn mọ́ra nínú afẹ́fẹ́, ó wúwo sí i. (Bàálù tí à ń wí yìí, balloon àwọn òyìnbó ló dà bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wa. Ẹ ò rí nǹkan! Orúkọ ohun tó ń léfòó jẹ́jẹ́ la fún èyí tó ń jẹ epo jù.)

Nísinsìnyí, orúkọ wo ni ká pe owó igi yìí? Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ ní kí n pè é ní ìpààrọ̀. Mo kọ̀. Ìpààrọ̀ ni pé kí o mú tìrẹ wá, kí n mú tèmi wá, kí inú àwa méjèèjì dùn sí i; ta ló béèrè lọ́wọ́ ojú ọ̀run bóyá inú rẹ̀ dùn? Ètùtù ló bá a mu. Tù ni gbòǹgbò rẹ̀, tù kan náà tó wà nínú ìtura àti nínú tutù. Ẹbọ lè jẹ́ láti tọrọ nǹkan, ṣùgbọ́n ohun tó ti gbóná, tàbí tó fẹ́ gbóná, là ń ṣe ètùtù fún kó lè rọlẹ̀. Ayé tó ń gbóná, kí ni à bá tún ṣe fún un?

Ètùtù sì ní ìlànà rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ àti káàkiri agbègbè wa, gbẹ́nàgbẹ́nà tó mọ iṣẹ́ baba rẹ̀ kì í déédéé gbé àáké lé ìrókò. Olúwéré ń gbé inú rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́, yóò ṣe ètùtù tó yẹ, kó tó ṣán an. Ẹ wò ó dáadáa: kí àáké tó kan igi ni wọ́n ń ṣe é, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti wó tán. Ẹni tí yóò gé e náà ló ń ṣe é, ìdí igi yẹn gan-an ló sì dúró sí. Kò sí ẹni tó gé ìrókò ní Ọ̀yọ́ tó wá fi owó ránṣẹ́ sí Ṣakí pé kí wọ́n bá òun tu òmíràn lójú níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ju ètùtù lọ, òun ni kí a má gé e rárá. Àgbẹ̀ tó ń ṣán oko lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́ lè pa gbogbo igbó rẹ́, ṣùgbọ́n yóò dá igi irúgbá àti igi òrí sí. Ẹ gba ọ̀nà Ìlọrin kọjá, ẹ ó rí wọn tí wọ́n dúró láàárín ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Mo tún máa ń rò ó pé Ògúnlọlá ì bá ti gé àjàgbọn yẹn lulẹ̀ fi ṣe òpó ilé. Ọdẹ ni, kò sí ohun tó mú lọ́wọ́ tí kò lè gé igi. Ibòji rẹ̀ ló yàn. Lójú tèmi, ọkùnrin tó dá igi sí tán, tó tún wá tọ èéfín lọ dé ìdí rẹ̀ kó lè mọ ẹni tó ni í, ti ṣe gbogbo ohun tí àwọn ìjọba àgbáyé ń ṣe ìpàdé lé lórí lónìí. Bí àwọn ará Ọ̀yọ́ bá fẹ́ sọ pé ìrókò tiwọn ló ṣáájú àjàgbọn wa, kí wọ́n kọ tiwọn.

Àwọn kan sọ pé Amẹ́ríkà ni ètùtù èéfín ti bẹ̀rẹ̀ ní 1988, nígbà tí ilé-iṣẹ́ amúnáwá AES, tó fẹ́ máa sun èédú ní Connecticut, gbé owó kalẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ Guatemala láti gbin nǹkan bí igi mílíọ̀nù 52. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ gba rìsíìtì kọ́ ló kọ́kọ́ ná ọjà. Àwọn mìíràn sọ pé ìwé ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjọ Àgùdà ń tà láyé Martin Luther ni bàbá rẹ̀. Èébú nìyẹn, kì í ṣe ìtàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ bàálù ti yàtọ̀ sí ti èédú ni pé kò sí ẹni tó ni èéfín rẹ̀. Ní ayé Ọ̀yọ́ Ilé, alárù kì í kọjá lẹ́nu ibodè láìsan owó fún oníbodè, ìbáà ṣe ẹrù ata ló rù. Àmọ́ ní 1944, àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí Chicago, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé epo tó bá wà nínú bàálù tó ti ilẹ̀ òkèèrè dé, kí ẹnikẹ́ni má gba owó ibodè lórí rẹ̀. Ogun kò tíì tán nígbà náà, wọ́n fẹ́ kí ọ̀nà òfurufú là. Nígbà tó di 1997, tí wọ́n ń pín ẹrù èéfín fún àwọn ìjọba ní Kyoto, ní ilẹ̀ Japan, wọ́n bá èéfín bàálù tó ń rìn láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè lójú ọ̀nà. Bí bàálù bá gbéra ní Èkó, tó sọ̀ kalẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tó tú èéfín sórí aṣálẹ̀ Sàhárà, ti ta ni? Wọn ò pín in fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé e fún ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bàálù, ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí Ògúnlọlá láàárín wọn.

Ìyókù kò gùn. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta igi fún arìnrìn-àjò bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1997. Ní 2008, ilé-iṣẹ́ bàálù Virgin Atlantic fi epo àgbọn díẹ̀ kún epo bàálù kan láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Amsterdam. Ní November 2023, wọ́n ti Lọ́ńdọ̀nù fò dé New York láìlo kẹrosíìnì inú ilẹ̀ rárá, ọ̀rá àti epo tí wọ́n ti fi dín nǹkan tẹ́lẹ̀ ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n lò. (Ẹ̀yin ìyá alákàrà, ẹ má da tiyín nù.) Yúróòpù ti là á sílẹ̀ pé kí irú epo bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2025, kó sì di 70 ní 2050. ICAO náà jí ní 2016, ní Montreal, wọ́n gbé ètò CORSIA kalẹ̀: ilé-iṣẹ́ bàálù tó bá ń rin ìrìn-àjò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú ètò náà yóò ra ètùtù fún èéfín tó bá ti kọjá òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé karí ọdún 2019. Nàìjíríà wà lára àwọn tó fínnú fíndọ̀ wọlé láti 2021. Láti 2027, ó di dandan fún ọ̀pọ̀ jù lọ. Ní March 2024, ilé-ẹjọ́ kan ní Amsterdam dá KLM, ilé-iṣẹ́ bàálù ilẹ̀ Netherlands, lẹ́bi pé ìpolówó wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí ń ṣi àwọn èrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú owó igi wọ̀nyí, kábọ́ọ̀nù nìkan ni wọ́n ń kà. Ìlà funfun gbọọrọ tí bàálù ń fà sẹ́yìn, tí àwọn ọmọdé máa ń nawọ́ sí, òun náà ń dá ooru ilẹ̀ dúró lálẹ́ kó má lè lọ sókè, kò sì sí lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rìsíìtì wọn.

Ẹ má jẹ́ n gbàgbé Bowen, oníwàásù Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà. Ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850, 1855 ló tó fìdí kalẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún márùn-ún gbáko, kò sì jó ife kẹrosíìnì kan lójú ọ̀run.

Àbúrò mi san owó igi náà. Ṣùgbọ́n kò rí ibi tí wọ́n ti sọ ìlú tí wọn yóò gbìn ín sí, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Kó tó lọ wọ bàálù ní Èkó, ó ní kí Màmá bá òun gbin irúgbá kan sẹ́yìnkùlé, kí òun náà lè mọ ìdí igi tòun. Màmá gbìn ín. Oṣù kejì kò tíì pé tí ewúrẹ́ ilé kejì fi jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ti gbin òmíràn báyìí, apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi bò ó.