Àwọn àgbàlagbà ló ra soul blues dé ayé

Bẹ́ ẹ bá rí báwọn ìyá àti bàbá aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Amẹ́ríkà ṣe máa ń dìde jó tí wọ́n bá fi orin soul blues (blues tí wọ́n pò mọ́ orin soul) sí i, ẹ má rò pé ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan ló jókòó tó fara balẹ̀ ro ọjà yẹn jọ o. Àwọn tó ń ra àwo ló dá a sílẹ̀, orí àwo kan ṣoṣo ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn Down Home ti Z.Z. Hill, 1982.

Hill kì í ṣe ọmọdé nígbà yẹn. Naples ní Texas ni wọ́n ti bí i ní 1935, Arzell lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́, Z.Z. yẹn, B.B. King, ìlúmọ̀ọ́ká olórin blues, ló wò ṣe. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti gbé ohùn ẹ̀ wá, ó sì ti ń ti ilé iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíì láàárín àwọn ọdún 1960 sókè, ó dé Columbia, orin ẹ̀ kan tiẹ̀ ta dáadáa níbẹ̀ ní 1977, àmọ́ dísíkò ló gbòde nígbà yẹn jàre, ta ló ráyè ọkùnrin ẹni ogójì ọdún ó lé tó ń kọrin bí obìnrin ṣe já a kulẹ̀? Wọ́n já a sílẹ̀.

Ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan tó ń jẹ́ Malaco ló wá mú un ní 1980. Ìlú Jackson ní Mississippi ni wọ́n wà, òyìnbó méjì, Tommy Couch àti Wolf Stephenson, tí wọ́n ti jọ ń bá àwọn ọmọ yunifásítì gba báńdì fún pátì kí wọ́n tó ṣí sítúdíò ní 1967. Oríire wọn ò wá déédéé. Ọjọ́ kan ṣoṣo ní 1970 ni wọ́n gba Groove Me ti King Floyd àti Mr. Big Stuff ti Jean Knight sílẹ̀ (ọjọ́ kan o!), lẹ́yìn náà ọwọ́ dá, àfìgbà tí Misty Blue ti Dorothy Moore yọ wọ́n ní 1976. Dave Clark tún wá bá wọn ṣiṣẹ́, àgbà ọ̀jẹ̀ tó ti ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù ká ilé iṣẹ́ rédíò látayé ọjọ́un, kò sí DJ aláwọ̀ dúdú tí kò mọ̀ ní gúúsù.

George Jackson ló kọ Down Home Blues, orin kan nínú àwo Hill yẹn, ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyí. Obìnrin kan ló wà ní pátì nínú orin yẹn, pátì ń gbóná, gbogbo èèyàn ń gbádùn, òun ní ṣé wọ́n lè jẹ́ kóun bọ́ bàtà kára tu òun, kí wọ́n wá fi blues ìlú òun sí i. Ẹni tó bá ti lọ òwàǹbẹ̀ rí mọ irú ìyá yẹn, tó máa ní kí DJ yéé fi orin ọmọdé dààmú òun. Orin náà fúnra ẹ̀, ohun táwọn tó ń gbọ́ ọ fẹ́ bèèrè ló ń bèèrè, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé báwọn rédíò ṣe fi í sí i báyìí làwọn èèyàn ń wá àwo náà kiri, ilé ọtí, ilé fàájì, ìdí ẹran yíyan nílé aládùúgbò, ibi gbogbo. Cheating in the Next Room, orin míì nínú àwo yẹn, ló wọ ṣáàtì R&B (àtẹ orin aláwọ̀ dúdú tó ń tà jù), ó dé ipò 19, kò burú, àmọ́ àwo odindi làwọn èèyàn ń rà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún méjì lórí ṣáàtì àwo soul ti Billboard, ìwé ìròyìn orin. Báwo ni ohun tí wọ́n láyé ti kọjá lórí ẹ̀ ṣe máa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ṣebí àwọn àgbàlagbà lówó lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó tiẹ̀ ń tajà fún wọn ni.

Ni Malaco bá ṣílẹ̀kùn fáwọn olórin tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ò kà kún mọ́: Denise LaSalle, Latimore, Little Milton, nígbà tó di 1985 Bobby Bland náà ti dé.

Hill ò pẹ́ jẹun níbẹ̀ ṣá. Oṣù April 1984 ló kú, lẹ́yìn jàǹbá mọ́tò, ẹni ọdún 48 péré. Níbi ìsìnkú ẹ̀ ni Johnnie Taylor, olórin soul, ti dìde kọrin, àwọn ará Malaco wà níbẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n bá mú un. Taylor yẹn ló gbé àwo Good Love! jáde ní 1996, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, ó sì gba ipò kìíní lórí ṣáàtì blues ti Billboard, Last Two Dollars inú ẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń jó títí dòní.