Ìwé Agbowó-Orí Ni Orísun Ìṣirò Ìrìn Ọkọ̀

Bí a bá bi àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ ojú pópó léèrè bí a ṣe ń mọ̀ pé ìrìn ọkọ̀ ti ju ti èṣí lọ, ẹ̀rọ tí ń ka ọkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ni wọn yóò kọ́kọ́ tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tọpa ọ̀rọ̀ náà dé ìdí rẹ̀, agbowó-orí ni yóò bá níbẹ̀.

Kí mọ́tò tó dé ni a ti ń ka ohun tí ń kọjá. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọdún 1844 ni ìjọba ti ń fi òǹkà sí ẹ̀bá àwọn ọ̀nà ńlá, àjàgà ọrùn ẹran tí ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù ni wọ́n sì ń kà, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ náà: èyí tí ẹṣin mẹ́rin bá ń fà, mẹ́rin ni. Ṣáájú ìgbà náà ni àwọn oníbodè ọ̀nà olówó ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì gbà pé owó tí wọ́n ń kà lálaalẹ́ ti tó láti sọ fún wọn bí ọ̀nà ṣe kún sí, nítorí bí owó oṣù yìí bá ju ti oṣù tó kọjá lọ, tí iye tí à ń san kò sì yí padà, kí ló tún kù bí kò ṣe pé èrò ti pọ̀ sí i?

Ohun tí oníbodè kò lè mọ̀ ni bí ẹni tó kọjá ṣe rìn jìnnà tó. Epo ló tú kókó yìí. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 1919, ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà bu owó-orí sẹ́ǹtì kan lé gálọ́ọ̀nù epo kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1929, gbogbo ìpínlẹ̀ ló ti ṣe bẹ́ẹ̀, gálọ́ọ̀nù tí a tà sì di ohun àkọsílẹ̀. Ká ní ìpínlẹ̀ kan ta gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 100 lọ́dún, tí gálọ́ọ̀nù kan sì ń gbé ọkọ̀ rin máìlì 20, ìrìn ọdún náà jẹ́ máìlì bílíọ̀nù 2. Bí ó bá ta mílíọ̀nù 103 lọ́dún kejì, ìrìn ti fi ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ tuntun bá ti sọ máìlì 20 di 20.4, ìdá 5 ni. Àbùkù rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú epo tí a rà ní ìpínlẹ̀ kan tí a jó ní òmíràn, àti èyí tí katakata jó nínú oko.

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1934, tó jẹ́ kí àwọn ìpínlẹ̀ fi díẹ̀ nínú owó ọ̀nà ṣèwádìí ló gbé ìkàyè ga. Wọ́n a na rọ́bà dábùú ọ̀nà, táyà iwájú á tẹ̀ ẹ́, ti ẹ̀yìn á tún tẹ̀ ẹ́, ìtẹ̀ méjì ni ọkọ̀ kan. Tírélà tí táyà rẹ̀ tò ní ìlà márùn-ún á wá di ọkọ̀ méjì àbọ̀! Ibi tí rọ́bà náà wà nìkan ló sì mọ̀.

Lónìí, ẹ̀rọ bí 5,000 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń fi wo ìyàtọ̀ oṣooṣù. Ọkọ̀ oníná kò sì ra epo mọ́, nítorí náà ní oṣù Keje ọdún 2015, Oregon kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba sẹ́ǹtì kan àbọ̀ lórí máìlì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tó bá yọ̀ǹda ara wọn, tó fi jẹ́ pé máìlì fúnra rẹ̀ ni agbowó-orí wá ń kọ sínú ìwé.