Kí Fótò Ọdún Tó Jáde: Aṣọ, Oòrùn àti Ìdúró

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé ní Adó-Èkìtì, àwọn ọmọ ilé tó wà l'Ékòó àti l'Ábújá á bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ilé tó bá sì ti kún, ọ̀rọ̀ fótò ìdílé á délẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọjọ́ tí wọ́n bá dúró níwájú kámẹ́rà ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ló kéré jù nínú rẹ̀. Aṣọ àti ìmọ́lẹ̀ ló ni èyí tó pọ̀ jù, àwọn méjèèjì kò sì ń gba ẹ̀bẹ̀ bí ọjọ́ bá ti pé.

Ti aṣọ ló ń ṣáájú. Léèsì àti àǹkárá kò le, rírà àti rírán náà ni. Aṣọ òkè ló ń fẹ́ àkókò, torí pé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni òfì ń hun ún kí wọ́n tó rán an pọ̀ di ìró tàbí agbádá. Bó bá wá dọ́dọ̀ télọ̀, ta ni kò mọ télọ̀ oṣù Kejìlá? Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí i rí kì í sọ ọjọ́ fótò gan-an fún un; á yọ ọ̀sẹ̀ méjì kúrò níbẹ̀. Bí aṣọ bá dé, wíwọ̀ ọ́ wò lórí ìdúró nìkan kò tó. Kí ẹni tó ni ín jókòó, kó na apá sókè, torí bùbá tó fún ní abíyá á kó jọ wúruwùru bí ọwọ́ bá ti gbéra, fótò á sì gbé gbogbo rẹ̀ jáde. Ṣe ni a ń fi aṣọ tí a ti lọ̀ kọ́ sórí ìkọ́ gbé e lọ síbi fótò, kì í ṣe pé ká wọ̀ ọ́ jókòó nínú ọkọ̀.

Àwọ̀ aṣọ ní ẹjọ́ tirẹ̀. Kámẹ́rà kò mọ ojú yàtọ̀ sí aṣọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti gbogbo ibi ló ń rò pọ̀, á sì fẹ́ sọ ọ́ di ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, bí àwọ̀ eérú. Bí léèsì funfun bá gba ibi tó pọ̀, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ẹni tó dúdú á sì ṣókùnkùn. Ẹtù, aṣọ òkè aláwọ̀ aró tó dúdú, a máa ṣe òdìkejì: kámẹ́rà á fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ojú á wá funfun jù. Ìdí nìyẹn tí onífótò tó mọṣẹ́ fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ láti ojú, kì í ṣe láti aṣọ. Ẹni tó ń fi fóònù yà á lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà: kó fi ìka tẹ ojú èèyàn náà lórí fóònù kó tó yà á.

Ọyẹ́ ń ṣe rere, ó sì ń ṣe ibi. Eruku tó ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà a máa tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ká, bí ìgbà tí èèyàn ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo iná, òjìji ojú kò sì ní le mọ́. Ṣùgbọ́n eruku yẹn kan náà ló ń bo àwọn òkè Èkìtì mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí òkè yọ kedere lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ kejì òjò ló ń wá, kì í ṣe àárín ọyẹ́. Ètè á tún bó, ara á sì hàn funfun. Òrí ni oògùn rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí a fi pa ara dáadáa, kó di àárọ̀ kí a kàn fi ra á fẹ́rẹ́, kí iwájú orí má baà máa dán bí àwo.

Ṣáájú aago 9 àárọ̀ àti lẹ́yìn aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń wá láti ẹ̀gbẹ́. Lọ́sàn-án, orí ló ti ń bọ̀ tààrà, gèlè ńlá á sì ṣíji bo ojú. Bí kò bá sí àkókò mìíràn, abẹ́ igi tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló dára.

Ibi tí a ó ti yà á kò ṣòro l'Ékìtì. Àwọn kan ń lọ sí Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Àwọn mìíràn kò kọjá ọgbà Fájuyì nínú Adó. Àpáta Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ ló wu ojú jù fún àlàárì, torí pé lára òkúta eérú ni pupa ti ń yọ. Òkè tí wọ́n ń bọ ni ṣá o, a kì í kàn gun orí rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ará ilú.

Ìdúró wá kù. Ẹni tó bá pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, tó kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, bí ẹni ń ya pásípọ́ọ̀tù ló máa rí. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kó gbé ara lé, kí orúnkún iwájú rọ̀ díẹ̀, kí èjìká yà sí ẹ̀gbẹ́, kí ojú nìkan padà wá. Ìró á wálẹ̀ geere, ìbàdí á hàn. Lẹ́yìn náà ni kó na àgbọ̀n síwájú díẹ̀, kó sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fẹ́rẹ́, bí ọrùn àjàpá tó ń yọ níta. Ó ń ti èèyàn lójú, ṣùgbọ́n láti iwájú, ọrùn gígùn nìkan ni kámẹ́rà ń rí. Ọwọ́ tí kò níṣẹ́ ló ń ba fótò jẹ́ jù. Abẹ̀bẹ̀ tàbí pọ́ọ̀sì á gbà á lọ́wọ́ obìnrin. Ti ọkùnrin rọrùn jù, kó sáà máa ká apá agbádá sí èjìká, kí onífótò máa yà á lọ. (Iyán ọ̀sán, ẹ jẹ́ kó di lẹ́yìn fótò. Ìró tí a so mọ́ ikùn òfìfo kò ní gbà fún un.)

Kí fóònù má sún mọ́ ojú jù, imú á tóbi ju ti ẹni tó ni ín lọ. Nínú fótò ìdílé, àwọn tó wà létí máa ń fẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rí, nítorí náà kí onífótò rìn sẹ́yìn, kó fi àyè sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ọmọdé ni ká kọ́kọ́ yà, kí oorun tó dé. Màmá àgbà á jókòó kí ẹnikẹ́ni tó dúró, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ìlà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á sì ṣẹ́jú dandan, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni kí a yà á.

Bí fótò bá wá dé, WhatsApp a máa fún un pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Lójú fóònù, kò hàn. Ṣùgbọ́n férémù tó jẹ́ íǹṣì 8 ní ìbú àti 10 ní gígùn, tí màmá fẹ́ gbé kọ́ sí pálọ̀, ń fẹ́ nǹkan bí píksẹ́lì (àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di fótò) 2400 ní ìbú àti 3000 ní gígùn kó tó jáde ketekete. Kí onífótò fi ránṣẹ́ bíi Document, tàbí kó dà á sórí fláàṣì.