Ìdí tí ásímà fi máa ń le lóru, pàápàá lọ́wọ́ ìdájí

Ó sábà máa ń jẹ́ láàárín aago 3 sí aago 4, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Ẹni tó ní ásímà, tó jẹun tó sì ṣeré dáadáa lálẹ́, á ṣàdédé dìde jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á máa wúkọ́ gbígbẹ, àyà ẹ̀ á máa dún fíín-fíín, èémí á wọlé àmọ́ kò ní fẹ́ jáde. Nígbà tílẹ̀ bá fi máa mọ́ ara ti ń fúyẹ́, làwọn ará ilé bá ní ayé ló ń dà á láàmú lójú oorun. Ayé kọ́ o.

Ọ̀nà tí èémí ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró dà bíi páìpù kéékèèké. Tí ásímà bá ti wà níbẹ̀, inú páìpù yẹn á wú, iṣan tó yí i ká á fún un pọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á tún wá dí ìwọ̀nba àyè tó kù. Gbogbo èèyàn pátá ni páìpù yìí máa ń fún díẹ̀ lóru, àyè pọ̀ fún ẹni tára ẹ̀ dá ni kò ṣe mọ̀. Kọtisọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ kí wíwú rọlẹ̀ àti adirẹnalíìnì tó ń dẹ iṣan, ara ló ń ṣe méjèèjì fúnra ẹ̀, àmọ́ wọ́n máa ń lọ sílẹ̀ lóru. Ẹ wá fi kún un pé èèyàn sùn gbalaja. Ẹni tó sì jẹ àmàlà ní aago 10 tó dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, omi kíkan inú ẹ̀ lè máa gùn bọ̀ lọ́fun, bó sì ṣe máa ń rí nínú Ramadan náà nìyẹn fẹ́ni tó bá jẹ sàárì tó tún padà sùn.

Yàrá fúnra ẹ̀ ńkọ́? Tí ọyẹ́ bá ti dé sí Ìlọrin, láti bíi November sí February, eruku á bo gbogbo nǹkan, òtútù ìdájí á gbẹ, wọ́n á wá ti fèrèsé pa, wọ́n á tan kọ́ìlì ẹ̀fọn, wọ́n á sì jó tùràrí kí yàrá lè ta sánsán. Òórùn ẹ̀ dára lóòótọ́, àmọ́ èéfín lèéfín ń jẹ́, ẹ̀dọ̀fóró tó ti wú ò mọ̀ pé tùràrí lèyí. Ti àsìkò òjò yàtọ̀: àwọn kòkòrò tíntìntín tójú ò lè rí nínú fóòmù àti pílò fẹ́ràn ọ̀rinrin, ìgbẹ́ wọn ló ń bí àyà nínú. Bẹ́ẹ̀díṣíìtì tí wọ́n ń fi omi gbóná fọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n sá sóòrùn, ń dín wọn kù. Nẹ́ẹ̀tì sì sàn ju kọ́ìlì lọ fíìfíì.

Ọ̀rọ̀ ìnhélà, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń fín sẹ́nu fà, wá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Èyí tó jẹ́ búlúù, salbutamol, iṣan ló ń dẹ̀, kò kan wíwú. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, àmọ́ wákàtí 4 sí 6 ni agbára ẹ̀ mọ. Ẹni tó fín in ní aago 10 alẹ́, ẹ bá a ṣírò ẹ̀, aago mélòó ló máa tán? Èyí tó ń mú wíwú rọlẹ̀ ni ìnhélà stẹ́róìdì, wọ́n sábà máa ń ní kéèyàn lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́, yálà àyà ń dùn ún tàbí kò dùn ún. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí mélòó kan kó tó hàn dáadáa, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti máa ń pa á tì pé kò ṣiṣẹ́. Kéèyàn fi omi yọ ẹnu tó bá lò ó tán, torí ó lè mú kí ahọ́n ní egbò funfun. Láti 2019 ni GINA, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ásímà, ti ń sọ pé káwọn àgbàlagbà má fi salbutamol nìkan ṣe ìtọ́jú. Ọ̀kan nínú ìbéèrè 4 tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ásímà wà níkàáwọ́ ni pé, ní ọ̀sẹ̀ 4 sẹ́yìn, ṣé ó jí ẹ lóru? Ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó kéèyàn padà lọ rí dókítà. Nígbà ààwẹ̀, èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀mejì bọ́ sí àkókò sàárì àti ìṣínu wẹ́kú, àmọ́ tí àyà bá ti há lọ́sàn-án, Àlùkùráánì ti yọ̀ǹda fún aláìsàn kó ṣínu kó sì san án padà, kí wọ́n fín búlúù.

Tó bá wá dé lóru ńkọ́? Kó jókòó, kó má dùbúlẹ̀. Kí wọ́n mi búlúù, kí wọ́n fín in lẹ́ẹ̀kan, kó fà á sínú, kí wọ́n dúró díẹ̀ kí wọ́n tó tún fín òmíì, kó má ju 10 lọ, ó sì dáa kó gba inú spacer, ìyẹn ike tí wọ́n ń fi sáàárín ìnhélà àti ẹnu. Rọ́ọ̀bù tí wọ́n ń fi ra àyà ò ṣí páìpù kankan, òórùn ẹ̀ míì tún lè dá kún un. Tí ò bá lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí, tí ètè bá ń dúdú, tàbí tí àyà tó ń dún bá ṣàdédé dákẹ́ tó sì ṣì ń tiraka láti mí, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé ara ti yá o, afẹ́fẹ́ ò kọjá mọ́ ni, ọsibítù ló kàn. Kẹ̀kẹ́ sì ṣọ̀wọ́n ní irú àkókò yẹn, pàápàá láwọn abúlé apá Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, torí náà nọ́ńbà ẹni tó ní mọ́tò ládùúgbò àti kọ́kọ́rọ́ géètì gbọ́dọ̀ wà níbi tí gbogbo ilé mọ̀, kó má jẹ́ ìgbà yẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tú ìsàlẹ̀ ìrọ̀rí bàbá wò.