Ilé ìtọ́jú àti ibùgbé onírànwọ́ fún àwọn àgbà tó ní wárápá ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ilé ìtọ́jú àti ibùgbé onírànwọ́ ni ètò méjì tó wà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó ti dàgbà, tó ní wárápá, tí kò sì lè dá gbé láìséwu. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní wárápá ló nílò wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ènìyàn ló ní àrùn náà kárí ayé, àti pé ìdá 70 nínú 100 wọn lè bọ́ lọ́wọ́ gìrì bí wọ́n bá rí oògùn tó yẹ lò. Àwọn tí tiwọn kò gbóògùn, pàápàá tí ìṣòro ọpọlọ tàbí ti ara mìíràn tún bá a rìn, ni ètò náà wà fún.

Láyé àtijọ́, ilé àwọn òtòṣì tàbí ilé wèrè ni wọ́n ń kó ẹni tí kò ní alágbàtọ́ sí. Jámánì ni àyípadà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dá Bethel sílẹ̀ nítòsí Bielefeld ní 1867, pásítọ̀ Friedrich von Bodelschwingh sì di alábòójútó rẹ̀ ní 1872. Ibẹ̀ ni àwọn ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti kọ́gbọ́n. Ní 1892, àwọn oníṣègùn bíi John Hughlings Jackson, David Ferrier àti William Gowers pẹ̀lú àwọn aláàánú kan dá ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Epilepsy Society lónìí sílẹ̀. John Passmore Edwards, oníwèé ìròyìn, fún wọn lówó tí wọ́n fi ra oko kan ní Chalfont St Peter, ní Buckinghamshire, àwọn tó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ sì wọlé ní 1894. Iṣẹ́ oko ni wọ́n ń ṣe, nítorí kò sí agbanisíṣẹ́ tó fẹ́ gbà wọ́n. Àmọ́ ẹni tó lè ṣiṣẹ́, tí ìwà rẹ̀ sì tẹ́ wọn lọ́rùn nìkan ni wọ́n ń gbà. Àwọn tí ara wọn kò dá tó bẹ́ẹ̀, tí ì bá nílò ibẹ̀ jù, kò rí ibẹ̀ wọ̀.

Lónìí, nínú ilé ìtọ́jú, iléeṣẹ́ kan náà ló ń fúnni ní yàrá àti ìtọ́jú, Care Quality Commission, àjọ tó ń ṣàbójútó iṣẹ́ ìtọ́jú, ló sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ti ibùgbé onírànwọ́, ayálégbé ni ẹni náà. Ìwé ilé rẹ̀ dá dúró, àdéhùn ìtọ́jú rẹ̀ náà dá dúró, ó sì lè pààrọ̀ àwọn olùtọ́jú láìkó kúrò nílé. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń ṣàyẹ̀wò ohun tó nílò lábẹ́ òfin Care Act ti 2014.

Ètò tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni àwọn olùtọ́jú, tí àwọn ọmọ Yorùbá kò kéré láàárín wọn, máa ń tẹ̀ lé. Ó sọ bí gìrì ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú un, ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró, àti ìgbà tí oògùn pàjáwìrì kàn. Bó bá gbé e ṣánlẹ̀, aago ni olùtọ́jú ń wò. Kò ní dì í mú, kò sì ní ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu bí a ti ń ṣe nílé. Ohun rírọ̀ ló máa fi sábẹ́ orí rẹ̀. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sábà máa ń jẹ́ ìgbà yẹn ni wọ́n á fi midazolam, oògùn pàjáwìrì náà, sáàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì rẹ̀. Bí kò bá dá, wọ́n á pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ibẹ̀. Ṣáwà ni wọ́n ń gbà wọ́n níyànjú láti fi wẹ̀ ju kí wọ́n jókòó sínú ọpọ́n ìwẹ̀ lọ, ilẹ̀kùn balùwẹ̀ á sì ṣe é ṣí láti ìta.

Òru ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù. Ikú òjijì tó ń bá wárápá rìn sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lóru, nígbà tí ẹni náà bá dá wà. Torí náà ni àwọn ilé kan ṣe ń fi ẹ̀rọ tó ń mọ gìrì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí kí wọ́n máa yọjú wo yàrá lóru. Àmọ́ àwọn olùgbé kan kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ṣílẹ̀kùn wọn lóru. Lábẹ́ òfin Mental Capacity Act ti 2005, àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé tó láti lóye ewu náà lè kọ̀ ọ́, bí ìpinnu rẹ̀ ò tilẹ̀ bá àwọn ẹbí tàbí òṣìṣẹ́ lára mu.