Bí abúlé ṣe ń ṣí kiri lórí odò Jamuna ní Bángládẹ́ṣì

Odò Jamuna tó wà ní Bángládẹ́ṣì, láti òkè Himalaya lomi ẹ̀ ti ń bọ̀, Brahmaputra ni wọ́n ń pè é ní Íńdíà, ó gba Tibet, ó gba Assam, kó tó wọ Bángládẹ́ṣì láti apá Kurigram. Omi nìkan kọ́ ló ń gbé bọ̀ o. Tẹ́ẹ bá da òun pẹ̀lú odò Ganges àti odò Meghna pọ̀, erùpẹ̀ tí wọ́n ń wọ́ wá lọ́dún kan tó bíi bílíọ̀nù 1 tọ́ọ̀nù, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé tódò bá ti débẹ̀, agbára ẹ̀ á rọlẹ̀, á wá máa já ẹrù tó rù sílẹ̀ sáàárín ara ẹ̀. Ibi tó já a sí á ga, omi ò ní rí ibẹ̀ gbà mọ́, á yà sọ́tùn-ún, á yà sósì, á lọ máa jẹ etí ilẹ̀ níbòmíì. Bódò kan ṣoṣo ṣe di oríṣiríṣi ojú omi nìyẹn, tó fẹ̀ ju kìlómítà 10 lọ láwọn ibì kan, tí erékùṣù oníyanrìn wà káàkiri inú ẹ̀. Erékùṣù yẹn ni wọ́n ń pè ní char, orí ẹ̀ làwọn èèyàn kọ́lé sí, tí wọ́n ń dáko, tí wọ́n ń bímọ.

Nǹkan tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ìgbà tómi kún nìkan kọ́ nilẹ̀ ń wó. Oṣù kẹfà lòjò ńlá ibẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó di bí oṣù kẹsàn-án kó tó rọlẹ̀. Yanrìn kíkúnná ló pọ̀ jù nínú bèbè odò yẹn, amọ̀ tó lè dì í mú ò tó nǹkan. Ní gbogbo ìgbà tómi fi kún, ṣe ni bèbè ń mumi, ó ń wúwo sí i, omi odò tó fara tì í ló sì ń gbé e dúró. Tómi bá wá fà wálẹ̀ lójijì, kò sóhun tó tì í lẹ́yìn mọ́, á kàn ya lulẹ̀ gbàà, tòun ti igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tòun ti ilé ìdáná. Ìdí nìyẹn táwọn ará ibẹ̀ kì í fi fojú kúrò nílẹ̀, tí wọ́n bá ti rí i tílẹ̀ sán, tí ojú ibi tó sán sì ń lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, wọ́n ti mọ̀ pé ẹrù ti yá nìyẹn. Láwọn ibì kan odò lè jẹ ilẹ̀ wọlé ju mítà 100 lọ lọ́dún kan.

Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́lé tó ṣeé tú. Páànù ni ògiri, páànù lòrùlé, ọparun àbí igi ni òpó. Ẹni tó ń wò ó látòkèèrè á ní àìlówó lọ́wọ́ ni ò jẹ́ kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé, kò sì parọ́ pé owó ò sí, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ tú ilé búlọ́ọ̀kù sínú ọkọ̀ ojú omi? Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kó, àwọn ará àdúgbò á pé jọ, wọ́n á tú òrùlé, wọ́n á to páànù léra, wọ́n á fokùn dì í, wọ́n á hú òpó. Wọ́n á tú orí pọ́ǹpù omi kúrò, wọ́n á sì fa àwọn páìpù ẹ̀ jáde nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan torí owó gidi ni wọ́n fi rà á. Wọ́n á gé igi tí wọ́n gbìn, kódò má baà gbé e lọ lófo. Ẹ́ńjìnì tó ń wa ọkọ̀ tí wọ́n kó o sí, irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi sóko ìrẹsì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn náà ni.

Ìdílé kan kì í sáàbà dá rìn. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní samaj, ìyẹn àwọn agbo ilé tó jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan, tí wọ́n jọ ń sìnkú, tí àwọn àgbà wọn ń bá wọn parí ìjà. Tí wọ́n bá pa ẹran Iléyá, ìdá kan nínú mẹ́ta á lọ sọ́dọ̀ samaj, wọ́n á pín in kárí, títí kan ẹni tí ò lówó pa nǹkan kan. Samaj yìí gan-an labúlé. Ilẹ̀ lè lọ kí samaj ṣì wà, ìyẹn sì ni wọ́n ń dì mú jù tí wọ́n bá ń wá ibi tí wọ́n máa kó lọ.

Char tuntun ní tiẹ̀, yanrìn lásán ni níbẹ̀rẹ̀. Koríko kan tí wọ́n ń pè ní kash ló ń kọ́kọ́ hù síbẹ̀, ó ga ju èèyàn lọ, òdòdó ẹ̀ funfun báláú. Tómi bá tún kún, koríko yẹn á dá ẹrẹ̀ dúró, ilẹ̀ á máa ga díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń da màlúù ń tètè débẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á fọ́n irú ẹ̀wà kan sórí ẹrẹ̀ tútù láìtulẹ̀ rárá, bó bá yá ẹ̀pà á dé, ata, àgbàdo, àti jute tí wọ́n fi ń ṣe àpò tí wọ́n ń kó kòkó sí níbí. Jute yẹn, ewédú wa gan-an lọ̀kan nínú oríṣi méjì tí wọ́n ń gbìn, àwọn náà ń jẹ ewé ẹ̀. Ibi tó bá ṣì jẹ́ yanrìn pọ́ńbélé, wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á da ìgbẹ́ màlúù sí i, wọ́n á gbin elégédé. Kí wọ́n tó wá kọ́lé, wọ́n á fi erùpẹ̀ gbé ojú ilẹ̀ ga, torí wọ́n mọ omíyalé dáadáa, tọdún 1998 bo bí ìdá méjì nínú mẹ́ta orílẹ̀-èdè náà.

Ibi tó le jù ni ta ló ni ilẹ̀ tuntun. Àtọdún 1825 nìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ṣòfin lórí ẹ̀. Ní 1972 ìjọba Bángládẹ́ṣì ní ilẹ̀ tódò bá jẹ tó tún hù padà ti di tìjọba, ní 1994 wọ́n yí i padà, pé tó bá hù padà láàárín ọdún 30, ẹ̀tọ́ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ló máa kọ́kọ́ gbà á, wọ́n á wọ̀n ọ́n, kí wọ́n tó dá a padà fólóhun, kí wọ́n sì tó ṣe gbogbo ìyẹn tán, ó ṣeé ṣe kí olówó kan ti kó àwọn jàǹdùkú tó ń mú igi lọ́wọ́, tí wọ́n ń pè ní lathiyal, débẹ̀ láti fipá gbà á. Ìwà ìkà gbáà ni, tálákà tódò ti lé kúrò nílé tẹ́lẹ̀, èèyàn ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ tún wá ń lé e. Àwọn tí ò rí ilẹ̀ gbà padà ń háyà tẹlòmíì, àwọn míì ń gbé orí òkìtì gígùn tí ìjọba fi erùpẹ̀ mọ lẹ́bàá odò láti dá omi dúró. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin sì ń lọ wa ríkíṣọ́, ìyẹn kẹ̀kẹ́ akérò, ní Dhaka tó jẹ́ olú ìlú wọn nígbà tíṣẹ́ oko bá dá, wọ́n á máa fi owó ránṣẹ́ sílé lórí fóònù títí dìgbà ìkórè.