Íńtálọ́ọ̀kì Kì í Mu Omi Bí Ẹ Ṣe Rò

Kò sí ìpàdé onílé tí mo lọ láàárín ọdún méjì yìí tí ọ̀rọ̀ yìí kì í jẹ yọ. Bí òjò bá ti rọ̀ lálẹ́, tí omi ya wọ ṣọ́ọ̀bù méjì mẹ́ta nísàlẹ̀ àdúgbò, ẹnìkan á dìde, á ní kí gbogbo wa lọ fi íńtálọ́ọ̀kì tẹ́ àgbàlá. Wọ́n ní ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ kò bá ti ní erùpẹ̀ mọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ omíyalé. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí. Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe ènìyàn burúkú, owó ara wọn ni wọ́n fi ń ṣe é, omi tó sì kúrò lọ́dọ̀ wọn ló ń wọ ilé ẹlòmíràn.

Ti ìdọ̀tí inú gọ́tà, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀rá ń dí gọ́tà, kí á máa kó o. Ohun tí kì í yé ènìyàn ni bí omi tó ń bọ́ sínú gọ́tà yẹn ṣe pọ̀ tó.

Bí òjò bá ga ní mìlímítà 1 lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 1 lóròó, mítà 1 níbùú, omi líta 1 ni. Pulọ́ọ̀tì 50 lórí 100 ẹsẹ̀ bàtà tí wọ́n ń tà fún wa n'Íbàdàn tó 464 irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Òjò mìlímítà 50, tí kì í ṣe àjèjì lóṣù kẹfà, á da bíi líta 23,200 sórí pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Kẹ́ẹ̀gì onílíta 25 tó lé ní 920 nìyẹn. Ẹ ro ó wò, ká ní ẹnìkan dúró lẹ́nu géètì yín, tó ń da kẹ́ẹ̀gì kan tẹ̀lé òmíràn sójú títì títí yóò fi pé 920. Kí ẹ wá ka iye ilé tó wà ládùúgbò yín.

Ilẹ̀ eléèpẹ̀ á mu nínú rẹ̀, koríko á dá díẹ̀ dúró, ìyókù á rọra máa lọ. Síméńtì kì í mu nǹkan kan. Gbogbo rẹ̀ á sáré jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tòun ti omi òrùlé, tòun ti omi aládùúgbò. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò ní ilé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n onílé tí kò gbà fún un, ilé ta ló darí ẹ̀ sí?

Ibi tí wọ́n ti máa ń dá mi lóhùn nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, íńtálọ́ọ̀kì kì í ṣe síméńtì. Àlàfo wà láàárín ẹ̀, omi ń gba ibẹ̀ wọlẹ̀." Mo gbà bẹ́ẹ̀ nígbà kan, nítorí ojú rí àlàfo náà. Èmi náà fi tẹ́ àgbàlá mi. Lọ́jọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo gbé omi ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo dà á sí àárín àgbàlá, mo bẹ̀rẹ̀, mo tẹjú mọ́ ọn. Omi wọ inú àlàfo lóòótọ́. Ó kún un, ó wá ń tọ àlàfo yẹn bí ẹni ń tọ ọ̀nà, ó ń lọ sẹ́nu géètì. Mo mú ìṣó, mo fi họ àlàfo kan. Erùpẹ̀ dúdú tó ti le bí ìkòkò ni mo bá níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ ló fà á. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ kì ilẹ̀ kó le, wọ́n á da yanrìn tàbí lẹ́búlẹ́bú òkúta sí i, wọ́n á to bíríkì náà kó fẹnu kora, wọ́n á wá gbá yanrìn kíkúnná sáàárín ẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń po síméńtì mọ́ yanrìn yẹn kí koríko má bàa hù. Ó dára fún ọkọ̀ tó máa gun orí ẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n kì báyẹn kò lẹ́nu tí yóò fi mumi. Irú èyí tó ń mu omi wà o. Àlàfo tirẹ̀ fẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń dà sínú rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ òkúta tó nípọn, tí omi á ráyè dúró sí kó tó rọra wọlẹ̀. Kódà, ẹrẹ̀ lè dí ìyẹn náà bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Mi ò tíì rí ẹyọ kan ládùúgbò wa. Bí oníṣẹ́ bá ní tòun ń mu omi, ẹ bi í pé kí ló wà lábẹ́ ẹ̀.

Ẹnikẹ́ni ò sì mẹ́nu ba kànga nípàdé. Omi òjò tó wọ ilẹ̀ ni kànga ilé wa ń rí gbà. Ilẹ̀ tí a dé lómọrí láti fẹ́ńsì dé fẹ́ńsì, ibo lomi máa gbà dé kànga? Àwọn tó ń sá fún omi lóṣù keje ni wọ́n ń pe ọkọ̀ táńkà lóṣù kejì.

Mi ò sọ pé bí gbogbo wa bá hú íńtálọ́ọ̀kì wa, omíyalé ti tán. Òjò ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 lé ní mìlímítà 180 láàárín wákàtí díẹ̀, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 100 n'Íbàdàn. Lóṣù kẹjọ, ilẹ̀ ti mumi yó, àgbàlá eléèpẹ̀ kì bá tí gbà wá lọ́wọ́ irú ìyẹn. Ti omíyalé odò Ògùnpa n'Íbàdàn lọ́dún 1980, ilé tí wọ́n kọ́ sẹ́nu odò àti pàǹtí wà nínú ohun tó fà á. Ilẹ̀ alámọ̀ kì í mumi bíi ti oníyanrìn. Ní Lẹ́kí l'Ékòó, omi abẹ́ ilẹ̀ ti sún mọ́ òkè jù, bí ọ̀sà bá sì kún, gọ́tà fúnra rẹ̀ ò ráyè tú. Ti òjò kéékèèké tó ń rọ̀ léraléra, tó ń sọ òpópónà wa di odò, ni mò ń wí. Ó jọ pé ọwọ́ wa wà nínú ìyẹn ju bí a ṣe ń gbà lọ.

Ẹ tẹ́ ibi tí ọkọ̀ ń gbà, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún koríko àti ẹ̀fọ́. Èmi ti hú ìlà mẹ́ta kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì. Ẹ gbé táǹkì sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ kòtò òkúta fún omi òjò, kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé, kó jìnnà sí kànga, kó má sì so ó mọ́ sọ́kàwéè ilé ìgbẹ́ láéláé. Mo mọ ilé kan tí wọ́n ti ṣe é. Omi òjò kún sọ́kàwéè, ìgbẹ́ ru jáde sẹ́yìnkùlé tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré, kànga wọn ò sì ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ síbẹ̀. A bá wọn fi pákó dé kànga náà. Nígbà tí mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, pákó ti wà nílẹ̀, ọmọbìnrin kan sì ń fa omi.